Ẹ kọ́kọ́ wo yìnyín kẹ́ ẹ tó wọ snowpark: ìtọ́sọ́nà ski fún ẹ̀yin ọmọ Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ wà ní Faransé

Ọdọọdún ni. Tó bá ti di oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọmọ wa á gba visa, wọ́n á wọ bàálù lọ kàwé ní Faransé, tó bá wá di oṣù Kejìlá báyìí fóònù mi ò ní sinmi mọ́, ohùn WhatsApp lọ́tùn-ún lósì, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tá a jọ wà ní kíláàsì ń lọ ski lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ní kí n máa bọ̀, kí ni kí n wọ̀, wọ́n tún ní àwọn máa wọ snowpark, kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Ski ni pákó pẹlẹbẹ gbọọrọ méjì tẹ́ ẹ máa so mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ wálẹ̀ lórí yìnyín òkè; snowpark ni ibi tí wọ́n kọ́ òkìtì sí lórí òkè náà fún fífò. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé Grenoble, ìlú Faransé tó wà láàárín òkè, kí n tó padà wá sílé sí Àjàṣẹ́, àwa mẹ́rin la jọ máa ń lọ, èmi, ọmọ Kétu kan, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kan, àti ọmọ Faransé kan tó mọ òkè yẹn bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀. Ohun tí mo ti sọ lórí fóònù títí ẹnu ń ro mí ni mo kọ síbí, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá kù.

Kí n yáa sọ eyí tó ṣe pàtàkì jù: kì í ṣe bẹ́ ẹ ṣe láyà tó ló máa sọ bí ọjọ́ yẹn ṣe máa rí, yìnyín ni. Ojú ọ̀nà ski kan náà, ní aago 9 àárọ̀ ó le bí àwo tánganran, ní aago 11 ó rọ̀ dáadáa, tó bá fi máa di aago 3 ó ti di ọ̀gì. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wò ó, gbogbo ìyókù á tẹ̀ lé e.

Irú yìnyín tẹ́ ẹ máa bá lókè

*Damée.* Èyí tí ẹ̀rọ ńlá ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ lóru. Ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín ló máa ń wà lójú rẹ̀, ẹ ṣáà rántí àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìgbálẹ̀ gbá láàárọ̀ kùtù, tí ẹsẹ̀ ẹnì kankan ò tíì tẹ̀. Èyí ni tiyín. Ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́, orí rẹ̀ ni kó wà.

*Poudreuse.* Tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́, fúlẹ́fúlẹ́ bí ẹ̀lùbọ́. Gbogbo ayé ló ń yìn ín, fọ́tò rẹ̀ ló ń kún Instagram, àmọ́ ski ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ṣe á rì sínú rẹ̀ ni, ó sì máa ń bo òkúta àti kùkùté mọ́lẹ̀.

*Glace.* Yìnyín tó ti yọ́ tó tún dì. Ó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ jọ eérú tàbí búlúù, ẹ sì máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó rí i: ski á máa dún kẹrẹrẹ bí ẹni ń fi ọ̀bẹ ha àwo irin. Bíréèkì ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀rù tẹ ara sẹ́yìn, ẹ rọra jẹ́ kó gbé yín kọjá, ẹ lọ dúró níbi tí yìnyín ti funfun.

*Croûtée.* Èyí ni mo kórìíra jù. Ó dà bí ẹrẹ̀ ẹ̀bá ọ̀sà tí oòrùn ti gbẹ lójú: òkè rẹ̀ le, abẹ́ rẹ̀ rọ̀, ẹsẹ̀ kan á wọlé, ìkejì á dúró lókè, orúnkún á lọ́. Ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà ló máa ń wà, ẹ má lọ síbẹ̀.

*Soupe.* Yìnyín ọ̀sán, pàápàá láti oṣù Kẹta lọ. Ó wúwo, ó ń fa ski mọ́ra, ó ń rẹ itan. Tẹ́ ẹ bá ṣubú kò ní dùn yín púpọ̀, àmọ́ ó máa ń dá ski dúró lójijì tí ara á sì ṣì máa lọ.

*Neige de culture.* Èyí tí ẹ̀rọ fi omi ṣe nígbà tí ti òkè ò bá tó. Ó le díẹ̀ ju ti òkè lọ, ó sì yá láti di glace.

Ẹ tún wo ibi tí òkè kọjú sí. Èyí tó kọjú sí àríwá, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀, yìnyín rẹ̀ máa ń gbẹ fún ọjọ́ pípẹ́. Èyí tó kọjú sí gúúsù á yọ́ lọ́sàn-án á dì lóru. Nítorí náà tí oòrùn bá ń ràn láti àná, ẹ lọ síbi tó kọjú sí ìlà oòrùn láàárọ̀, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń rọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú: ohun tẹ́ ẹ máa kà

Gbogbo station, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ṣe ski, ló ní bulletin neige tirẹ̀, ìròyìn yìnyín, lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wo àwòrán oòrùn nìkan, wọ́n á pa á dé. Ẹ kà á báyìí:

1. Ẹ wo sẹ̀ǹtímítà yìnyín, méjì ni wọ́n máa ń kọ, ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè. Ti ìsàlẹ̀ ló kan ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ojú ọ̀nà aláwọ̀ ewé, èyí tó rọrùn jù, sábà máa ń wà.
2. Ẹ wo ọjọ́ tó já bọ́ kẹ́yìn. Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí oòrùn sì ti ràn láàárín rẹ̀, ẹ mọ̀ pé glace ń dúró dè yín láàárọ̀.
3. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń pè ní isotherme 0°C, ìyẹn ibi gíga tí òtútù ti dé òdo. Yìnyín sábà máa ń já bọ́ títí dé bíi 300 m sísàlẹ̀ ibẹ̀, lẹ́yìn náà òjò ni. Chamrousse tó wà lókè Grenoble, orí rẹ̀ ga ju 2,200 m lọ (òkè tó ga jù ní ilẹ̀ Benin tiwa ò tó 700 m, ẹ fọkàn yàwòrán ẹ̀). Tí isotherme bá wà ní 2,800 m tí wọ́n sì ní nǹkan máa rọ̀, òjò gidi ló máa pa yín, ẹ jókòó sílé.
4. Ẹ wo afẹ́fẹ́. Tó bá le, wọ́n á ti télésiège, àga tó ń gbé èèyàn lọ sókè, pa, owó yín á sì ti lọ.
5. Ẹ wo bóyá snowpark ṣí. Lẹ́yìn tí yìnyín púpọ̀ bá bọ́, wọ́n máa ń tì í kí wọ́n lè tún un ṣe. Tí wọ́n bá tì í, ó tì nìyẹn, ẹ má gba abẹ́ okùn wọlé.
6. Ẹ wo ewu avalanche, ìyẹn yìnyín tó ń ya lulẹ̀ láti òkè. Météo-France máa ń gbé e jáde lójoojúmọ́ nígbà òtútù ní nǹkan bí aago 4 ìrọ̀lẹ́, láti ipele 1 dé 5. Àwọn èèyàn máa ń rò pé 3 ni àárín, pé kò burú. Ó burú. Ọ̀pọ̀ ikú tí avalanche ń fà, ọjọ́ ipele 3 ló ń ṣẹlẹ̀.

Ti avalanche yìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa wà láàárín òpó tí wọ́n fi sàmì ojú ọ̀nà, àwọn òṣìṣẹ́ station ti bójú tó o fún yín. Ẹni tó bá jáde kúrò ńbẹ̀ láìní ARVA, ẹ̀rọ tó ń fi ibi téèyàn wà lábẹ́ yìnyín hàn, lára, láìní ṣọ́bìrì àti ọ̀pá ìwákiri, láìmọ bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n, tí yìnyín bá bò ó, láàárín ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ ni ìrètí pọ̀ jù pé wọ́n á bá a láàyè, ó sì ṣòro kí pisteur, òṣìṣẹ́ ààbò òkè, ti ìsàlẹ̀ dé ibẹ̀ láàárín ìyẹn. Tí ọ̀rẹ́ bá ní "ẹ jẹ́ ká gba inú igbó yìí, ó yá jù", ẹ ní rárá. Kó bínú.

Owó àti ọjọ́

Má jẹ́ kí wọ́n tàn ẹ́ lọ sí station olókìkí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Station kéékèèké tó wà nítòsí ìlú tó. Ẹ bi yunifásítì yín, ọ́fíìsì eré ìdárayá wọn tí wọ́n ń pè ní SUAPS, níbi tí òkè bá wà nítòsí wọ́n sábà máa ń ṣètò bọ́ọ̀sì, forfait (tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ fi ń gun ẹ̀rọ òkè) àti ẹ̀kọ́ papọ̀ lówó pọ́ọ́kú. Tẹ́ ẹ bá ń ṣírò, euro 1 jẹ́ 655.957 franc CFA, èyíinì ni pé euro 30 ti súnmọ́ 20,000 franc, ẹ má rò pé "ọgbọ̀n péré ni". Ẹ sá fún ìsinmi iléèwé oṣù Kejì, èrò máa ń pọ̀ bí ọjà Ouando lọ́jọ́ ọdún, gbogbo nǹkan á sì wọ́n. Oṣù Kìíní lẹ́yìn ọdún tuntun àti oṣù Kẹta ló dáa jù.

Aṣọ

Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ọyẹ́ o. Ọyẹ́ ń gbẹ ni lára, tibẹ̀ ń rin ni tán ó tó dì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo pé ẹ má wọ jiínì, ẹ má wọ aṣọ òwú sára: ó ń fa òógùn, ó ń fa yìnyín, á wá lẹ̀ mọ́ yín lára bí aṣọ tí wọn ò fún.

- aṣọ tín-ín-rín ti eré ìdárayá lábẹ́, polar (ẹ̀wù fúlẹ́fúlẹ́ tó ń móoru) láàárín, ẹ̀wù tí omi ò lè wọ̀ lókè
- ṣòkòtò ski, ẹ yá a tẹ́ ò bá ní
- ìbọ̀sẹ̀ gígùn ẹyọ kan péré, méjì máa ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ni, ẹsẹ̀ á túbọ̀ tutù
- ìbọ̀wọ́ tó nípọn (tèmi àkọ́kọ́, àlòkù tí mo rà ní Ouando kí n tó kúrò nílé ni, ó sìn mí ọdún méjì)
- kásíkì fún orí àti jígí ńlá fún ojú
- crème solaire, ìpara tó ń dá oòrùn dúró

Má sọ pé dúdú ni ẹ́. Yìnyín tuntun lè dá tó 80% ìtànṣán UV padà sí ẹ lójú, ìtànṣán náà sì ń fi nǹkan bí 10% le sí i ní gbogbo 1,000 m tó o bá gùn. Ètè mi bó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú mi ń ta mí títí di ọjọ́ kejì. Òrí dáa fún ètè àti ọwọ́, ẹ mú díẹ̀ dání láti ilé, àmọ́ kì í dá oòrùn dúró, ẹ fi crème yẹn sí i.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má di ṣùkú lọ, kásíkì ò ní jókòó lé e. Kọ̀lẹ́sẹ̀ tó tẹ́ mọ́ orí ló dáa.

Níbi tí wọ́n ti ń yá ski

1. Ẹ sọ òótọ́ ìwọ̀n ara yín, gíga yín, àti pé débutant (ẹni tó ń kọ́ṣẹ́) ni yín. Ìyẹn ni wọ́n máa fi mọ bí wọ́n ṣe máa de irin tó di bàtà mú mọ́ ski, kó lè tú nígbà tẹ́ ẹ bá ṣubú. Ẹni tó bá purọ́ torí ìtìjú, irin ò ní tú, orúnkún ló máa tú.
2. Ẹ wọ bàtà, ẹ dúró ṣánṣán: ọmọ ìka ẹsẹ̀ á kan iwájú. Ẹ tẹ orúnkún síwájú: á sún kúrò díẹ̀. Gìgísẹ̀ ò gbọ́dọ̀ gbéra. Tó bá ń dùn yín ní ṣọ́ọ̀bù, ó máa burú jù bẹ́ẹ̀ lókè, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má tijú.
3. Ski kúkúrú, tó dé àgbọ̀n tàbí imú. Gígùn kì í ṣe iyì.
4. Ẹ béèrè ìdánilójú owó ìtọ́jú nígbà tẹ́ ẹ bá ń ra forfait, Carré Neige ni ọ̀pọ̀ station ń tà. Tẹ́ ò bá ní in, tí wọ́n sì fi ọmọlanke yìnyín gbé yín kúrò lójú ọ̀nà, ẹ̀yin lẹ máa san án.

Wákàtí méjì àkọ́kọ́

Ẹ gba olùkọ́. Ọ̀rẹ́ kì í ṣe olùkọ́, á ní "tẹ̀ lé mi" ni, á sì ti lọ. Àwọn ESF, iléèwé ski Faransé, àwọn tó ń wọ ẹ̀wù pupa, wọ́n ní kíláàsì ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ ò pọ̀ tó ti ẹni kan ṣoṣo.

1. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dìde ṣáájú ohunkóhun. Ẹ gbé ski dábùú òkè, kì í ṣe kọjú sí ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ tó dìde.
2. Ẹ kọ́ chasse-neige: iwájú ski méjèèjì á súnmọ́ra, ẹ̀yìn á là, bí òrùlé. Bíréèkì yín nìyẹn.
3. Téléski, ọ̀pá tó ń fa èèyàn lọ sókè, ẹ má jókòó lé e lórí! Ẹ dúró lórí ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kó fà yín. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ wa jókòó lé e nígbà mẹ́rin, ó ṣubú nígbà mẹ́rin.
4. Àwọ̀ ojú ọ̀nà: ewé, búlúù, pupa, dúdú, bó ṣe ń le sí i nìyẹn. Búlúù tó ti di glace le ju pupa tó rọ̀ lọ, ẹ má fi àwọ̀ nìkan ṣèdájọ́.
5. Ẹni tó wà níwájú, nísàlẹ̀, òun ló lọ̀nà. Kì í ṣe bíi ti zẹ́míjàn tó ń fọn fèrè kí wọ́n yà fún un. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni kó wá ibi gbà.

Lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀yin nìkan lẹ máa jẹ́ èèyàn dúdú lórí òkè náà. Àwọn ọmọdé á máa wò yín. Ẹ kí wọn, ẹ máa bá tiyín lọ, òkè ò mọ ọmọ ẹni.

Snowpark gan-an

Ibi tí wọ́n fi yìnyín kọ́ òkìtì láti fò, tí wọ́n gbé àpótí gbọọrọ àti irin kalẹ̀ láti yọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀: S, M, L, XL. Kò sóhun tó kàn yín ju S lọ lọ́dún àkọ́kọ́.

Ẹ má wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yín lórí ski rárá. Kẹ́ ẹ tó wọ ibẹ̀ ó yẹ kẹ́ ẹ lè:

- dúró lápá ọ̀tún àti òsì lórí búlúù láìronú
- jẹ́ kí ski méjèèjì lọ tààrà fún bíi 20 m láìsí chasse-neige
- fò díẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́ kẹ́ ẹ sì balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ méjèèjì

Ó yá:

1. Ẹ kọ́kọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìfọwọ́ kan nǹkan. Ẹ dúró, ẹ fi ọ̀pá ọwọ́ yín gún ibi tí wọ́n ti ń gbéra àti ibi tí wọ́n ti ń balẹ̀. Tí ọ̀pá ò bá wọlé, glace ni, ẹ padà wá ní aago 11.
2. Ẹ wo ẹlòmíràn tó fẹ́ tó yín lára, ẹ wo ibi tó ti gbéra àti bó ṣe yá tó.
3. Àpótí tó fẹ̀, tó wà ní ìpele ilẹ̀, ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ski tẹ́ pẹrẹsẹ, orúnkún rọ̀, ojú wo òpin àpótí. Ẹ má gbìyànjú láti yà tàbí tẹ bíréèkì lórí rẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ìṣubú ti ń wá.
4. Òkìtì kékeré: apá síwájú, ẹ dìde díẹ̀ ní ẹnu rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbé yín. Lórí ìdàgẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti balẹ̀. Ibi tó tẹ́ láàárín, wọ́n ń pè é ní table, ẹni tó bá balẹ̀ síbẹ̀ ìbàdí rẹ̀ á sọ fún un. Nínú poudreuse tàbí soupe eré yín á kúrú, ẹ máa já sórí table láìmọ̀. Lórí glace ẹ máa kọjá ibi tó yẹ.
5. Ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbọ́wọ́ sókè, ẹ pariwo pé ẹ ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti balẹ̀, ẹ yà kúrò kíá.
6. Tí ẹnì kan bá ṣubú tí kò dìde, ẹni tó wà nítòsí òkìtì á dúró lókè, á fi apá méjèèjì ṣe àgbélébùú kí ẹnikẹ́ni má fò.

Ohun tó mú kí n máa tẹnu mọ́ nọ́ńbà 1 yẹn: oṣù Kìíní ọdún kejì wa ni. Ojú ọ̀run mọ́ kedere lóru, àwa la kọ́kọ́ gun télésiège, aago 9 kọjá díẹ̀. Ọmọ Kétu yìí ti gun àpótí kan náà bí ìgbà mẹ́wàá lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, lọ́sàn-án. Kò wò ó. Èmi náà ò wò ó, mo ti yọ fóònù láti ya fídíò. Mo gbọ́ kẹrẹrẹ yẹn, mo rí i tó ń yá ju bó ṣe yẹ lọ, ó tẹ̀ sẹ́yìn, ski lọ níwájú, ó fi ọwọ́ òsì gbé ara rẹ̀ dúró. Nígbà tá a bọ́ ìbọ̀wọ́, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti rí bí ẹ̀yìn ṣíbí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi símẹ́ǹtì di ọwọ́ rẹ̀ ní ọsibítù, ó sì ní ìdánwò níwájú. Fídíò yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, n kì í wò ó.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sí i ká tó lọ." Aago 4 ìrọ̀lẹ́, itan ti rẹ̀, òjìji ti bo ojú ọ̀nà, soupe ti ń dì padà. Ẹ lọ mu ṣokoléètì gbígbóná.

Lílọ ní jour blanc, ọjọ́ tí kùrukùru àti yìnyín di àwọ̀ kan náà. Ẹni tó ti wọ ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́ láàárọ̀ ọyẹ́ á mọ̀ ọ́n, kò sókè kò sílẹ̀. Kò sí snowpark lọ́jọ́ yẹn. Tó bá ká yín mọ́ lórí ojú ọ̀nà, ẹ tẹ̀ lé òpó: tẹ́ ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, òpó tó ní àwọ̀ ọsàn lórí ló wà lápá ọ̀tún yín.

Dídúró sábẹ́ òkìtì tàbí ní kọ̀rọ̀ láti ya fọ́tò. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí ẹni tó ń bọ̀ á ti rí yín.

Tí ẹnì kan bá fara pa

1. Ẹ gún ski méjì ní ìrísí X síbi tó ga ju ẹni náà lọ.
2. Ẹ má bọ́ kásíkì rẹ̀, ẹ má fà á dìde. Ẹ bò ó, òtútù yára ju ìrora lọ.
3. Ẹ pe nọ́ńbà secours (àwọn tó ń gbani là) tó wà lórí máàpù ojú ọ̀nà, tàbí 112. Ẹ sọ orúkọ ojú ọ̀nà àti nọ́ńbà tó wà lára òpó tó súnmọ́ yín jù.

Kí gbogbo yín ti fi nọ́ńbà yẹn sínú fóònù láti ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì tọ́jú fóònù sínú àyà ẹ̀wù, òtútù máa ń jẹ bátìrì kíá.

Tẹ́ ò bá fẹ́ ski

Kò pọndandan. Raquettes wà, bàtà fẹ̀ǹfẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi rìn lórí yìnyín, owó rẹ̀ ò pọ̀, wákàtí kan lẹ ti mọ̀ ọ́n. Luge náà wà, ẹ jókòó kẹ́ ẹ yọ̀ wálẹ̀ níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà nílé tẹ́ ẹ ń dúró de visa, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, kẹ́ ẹ jókòó lórí afẹ́fẹ́ bí ẹni jókòó sórí àpótí, ìṣẹ́jú àáyá 30, lẹ́ẹ̀mẹta, lójoojúmọ́ fún oṣù kan. Itan yín á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ dá ski padà kí ṣọ́ọ̀bù tó tì. Ẹ wo àpò òsì ẹ̀wù yín, ibẹ̀ ni káàdì forfait máa ń wà torí apá òsì ni ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà ti sábà máa ń kà á. Ẹ má sọ ọ́ nù, ní ọ̀pọ̀ station wọ́n á tún rọ forfait míì sí i nígbà tẹ́ ẹ bá padà wá, ẹ ò ní san owó káàdì lẹ́ẹ̀kejì.